Ohun Èlò Ìmọ̀ Àtijọ́ Lára Ògiri Wa: Ọ̀ṣọ́ Ni Tàbí Ẹlẹ́rìí?

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi àpéjọ oṣooṣù àwọn ẹ̀ka wa ní Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi oòrùn àti òṣùpá sí abẹ́ ìṣirò, tí ó fi àwọn ìràwọ̀ ṣe atọ́nà fún àwọn arìnrìn-àjò lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà rere títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



ÌBÉÈRÈ TÍ Ó BÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Ní àpéjọ wa tí ó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé òun ni, òun sì fẹ́ ṣe yàrá àlejò lọ́ṣọ̀ọ́. Òun kò fẹ́ ère, òun kò sì fẹ́ àwòrán ènìyàn lára ògiri. Ohun tí ọkàn òun fà sí ni àwọn ohun èlò àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn nǹkan: kọ́ńpáàsì onídẹ, òṣùwọ̀n aláwo méjì, aago ògiri ti ayé àwọn bàbá wa, àti ohun tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní asturlab. Ó ti ń kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan sọ fún un pé ìṣe òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ní ìnákúnàá gbáà ni. Ó wá béèrè pé, “Alùfáà, kí ni ẹ̀sìn wa sọ sí i?”

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó fún mi ní ààyè, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ kan ọgbẹ́ kan tí ó ti wà lára mi láti ọjọ́ pípẹ́. Lónìí, n ó dáhùn, n ó sì fi ọgbẹ́ náà hàn yín.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ NÁÀ KÒ ṢÀJÈJÌ SÍ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilẹ̀ wa. Ẹ wọ inú àwọn ilé tí a kọ́ nígbà tí owó kòkó ń wọlé ní Ẹ̀fọ̀n, ní Arámọ̀kọ àti ní Ìjerò. Ẹ ó rí aago ńlá lára ògiri, tí ohun tí ń mì nínú rẹ̀ ti dákẹ́ láti ọdún gbọ́nhan. Ẹ ó rí òṣùwọ̀n onírin tí àwọn tí ń ra kòkó máa ń fi àpò kọ́, tí ó ti dógùn-ún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní Ìjerò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye àti tánganran láti inú ilẹ̀, àwọn awakùsà mọ òṣùwọ̀n kékeré tí a ń gbé ka orí tábìlì. Ní ilé ẹni tí ó bá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, ẹ lè bá kọ́ńpáàsì nínú àpótí pákó. Àwọn Alhaji wa pẹ̀lú, bí wọ́n bá ya Tọ́kì tàbí Mòrókò, wọn a máa ra asturlab tuntun tí ń dán yinrin, wọn a sì gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán Kaaba.

Kí ni asturlab? Àwo idẹ pẹlẹbẹ ni, tí a yàwòrán ojú ọ̀run sí lára. Àwo kan wà nísàlẹ̀ tí a fín ìlà sí gẹ́gẹ́ bí ìlú tí a wà. Òmíràn tí a gé bí àwọ̀n wà lórí rẹ̀, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìràwọ̀ kan. Ẹni tí ó bá fi òrùka rẹ̀ gbé e rọ̀, tí ó sì wọn bí oòrùn tàbí ìràwọ̀ kan ti ga tó, lè yí àwọ̀n náà títí yóò fi mọ àkókò tí ó wà nínú ọ̀sán tàbí òru. Yóò mọ ìgbà tí oòrùn yóò là àti ìgbà tí yóò wọ̀. Àwọn ará Gíríìkì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di irinṣẹ́ fún àkókò ìrun àti fún ojú Kaaba.

Èyí tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú àwọn tí a kọ ọdún sí lára ni Nastulus ṣe ní ọdún 315 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí í ṣe 927 sí 928. Ó wà ní Kuwait lónìí. Ẹ̀yin ìyá wa, kí ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni: Ibn al-Nadim kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé obìnrin kan tí a mọ̀ sí al-Ijliyya, ọmọ oníṣẹ́ asturlab, wà lọ́dọ̀ Sayf al-Dawla, ọba Aleppo, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ asturlab. Nígbà tí ìmọ̀ náà sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akéwì wọn Geoffrey Chaucer jókòó ní ọdún 1391, ó kọ ìwé lórí asturlab fún ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

ÌDÁHÙN LÁTI INÚ Ẹ̀SÌN

Ìdáhùn mi ní ṣókí ni pé ó tọ́, ó sì ní májẹ̀mú.

Ó tọ́, nítorí ìpìlẹ̀ tí àwọn onímọ̀ wa fi lélẹ̀ ni pé ohun gbogbo jẹ́ ẹ̀tọ́ títí ẹ̀rí yóò fi dé tí ó sọ ọ́ di èèwọ̀. Nínú Súrátù 'l-Á'ráfù, áyà 32, Ọlọ́hun bá àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ̀ṣọ́ tí Òun dá fún ẹrú Rẹ̀ di èèwọ̀ wí. Ilé tí ó mọ́, tí ó lẹ́wà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó fi kọ́ńpáàsì dípò ère ti yan ohun tí ó sàn. Ní ti pé ìṣe òyìnbó ni, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn ilé bàbá ara rẹ̀.

Àwọn májẹ̀mú rẹ̀ ńkọ́? Èkíní wà nínú áyà tí ó ṣáájú èyí tí mo mẹ́nu bà, áyà 31, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ ìnákúnàá. Èkejì ni pé kí a má fi ṣe fáàrí. Súrátù 't-Takásúrù tó fún ìkìlọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó gbà mí lọ́kàn jù lọ. Àwo òdòdó tí a gbé sórí tábìlì kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kọ́ńpáàsì ń sọ̀rọ̀, aago ń sọ̀rọ̀, òṣùwọ̀n ń jẹ́rìí. Nínú Súrátù 'r-Rahmánì, Ọlọ́hun ka òṣùwọ̀n mọ́ sánmà tí Ó gbé sókè, Ó sì pàṣẹ pé kí a má ṣe dín in kù. Ẹni tí ó gbé ẹlẹ́rìí kọ́ sára ògiri gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹlẹ́rìí náà ń sọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó ti di ẹni tí ó ní ìmọ̀ nílé tí kò sì ní i lọ́kàn.

ILÉ KAN NÍ CAIRO

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ẹnì kan tí ó kó irú ohun èlò wọ̀nyí jọ hàn yín. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀gbẹ́ni onímọ̀ kan wà ní Cairo tí ń jẹ́ Hasan al-Jabarti. Ó kú ní ọdún 1774. Ọmọ rẹ̀, Abd al-Rahman, ni òpìtàn ńlá ilẹ̀ Íjíbítì, òun ni ó sì kọ ìtàn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ilé Hasan kún fún ìwé àti ohun èlò ìwòràwọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wọlé wọ́n ń jáde. Ní ọdún 1746, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Yúróòpù wá kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀; wọ́n fún un ní ẹ̀bùn láti inú ohun èlò tiwọn.

Ta ni ó wà lára àwọn olùkọ́ Hasan? Ẹ gbọ́ o: ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí ni! Muhammad ibn Muhammad al-Kishnawi ni, ọmọ Katsina. Ó lọ sí Háájì, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Cairo. Ó gbówọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò, ó kọ ìwé lórí bí a ṣe ń to nọ́ńbà sínú ilé onígun mẹ́rin kí àròpọ̀ wọn lè dọ́gba níbi gbogbo. Ní ọdún 1741 tí ó kú, ilé Hasan al-Jabarti ni ó kú sí. Ohun tí àwọn kan ń kọ sínú tírà lónìí láìmọ ìdí rẹ̀, ìṣirò gidi ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì nípa ilé náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Àkọ́kọ́ ni pé gómìnà tuntun kan tí ń jẹ́ Ahmad Pasha dé sí Cairo láti Tọ́kì, ní nǹkan bí ọdún 1749. Ó fẹ́ràn ìmọ̀ ìṣirò. Ó pe àwọn àgbà alùfáà Azhar jọ, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹnu sì yà á pé wọn kò lè dáhùn. Ó ní òkìkí Íjíbítì ni òun ń gbọ́ nílé, ṣùgbọ́n ohun tí òun bá kò tó òkìkí náà. Ọ̀gá Azhar, Abdullah al-Shabrawi, dá a lóhùn pé ìmọ̀ àkókò àti ojú Kaaba jẹ́ ọ̀ranyàn tí àwọn kan bá ti ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, ó sì gba ohun èlò àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ó wá darí rẹ̀ sí ilé Hasan. Gómìnà náà ń lọ síbẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́, títí òun fúnra rẹ̀ fi fín ìlà sára òkúta mábù tí òjìji fi ń tọ́ka àkókò ìrun. A gbé ọ̀kan sí Azhar.

Èkejì kan àwa tí a ń ṣòwò. Ní nǹkan bí ọdún 1758, àwọn òṣùwọ̀n ọjà Cairo dàrú, ti ẹni kan kò bá ti ẹlòmíràn mu mọ́. Hasan kò jókòó sínú yàrá àlejò kí ó máa wo tirẹ̀. Ó pe àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn oníṣẹ́ òṣùwọ̀n jọ, ó fi owó ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n tí ó pé, ó sì tún ti àwọn ènìyàn ṣe, nítorí Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin tí òṣùwọ̀n kòkó bàbá yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ bi ara yín pé ṣé òtítọ́ ni ó ń sọ nígbà ayé rẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ wa mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ọgbọ́n fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá mọ̀ pé irú rẹ̀ ni, kí ọ̀ṣọ́ náà jẹ́ ohun tí ẹ ó fi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n lè bẹ̀rù ègbé tí ó bẹ̀rẹ̀ Súrátù 'l-Mutọfifínà.

ỌGBẸ́ TÈMI

Mo wá dé ibi tí ó dùn mí. Mo ń gbé e lé ara mi lórí, n kò sì ní dárúkọ àdúgbò tàbí ẹbí kankan.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ilé kéwú. Àwọn bàbá wa fẹ́ kọ́ mọ́sáláásí kékeré kan ní àdúgbò wa. Wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gábàsì ni à ń kọjú sí, gábàsì sì ni ibi tí oòrùn ti ń là. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, wọ́n dúró títí oòrùn fi yọ lẹ́yìn òkè, wọ́n na okùn sí i, wọ́n fi ìdúró lélẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀. Gbogbo wa ṣe àmín.

Ní ìwọ̀n igba ìṣísẹ̀ sí ibẹ̀, bàbá kan wà tí ó ti bá àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba fa okùn ká ilẹ̀ Èkìtì nígbà èwe rẹ̀. Nínú yàrá àlejò wọn, láàárín fọ́tò àti kàlẹ́ńdà, kọ́ńpáàsì onídẹ kan wà lórí ìṣó. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbá yàrá náà. Bí bàbá bá ti sùn, n ó sọ kọ́ńpáàsì náà kalẹ̀, n ó yí i sọ́tùn-ún, n ó yí i sósì, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ a gbọ̀n, a sì padà sí ibì kan náà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan bàbá jí, wọ́n bá mi nídìí rẹ̀. Wọn kò nà mí. Wọ́n kàn ní, “Gbé e padà síbẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni.” Mo gbé e padà.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo lọ sí ilé kéwú gíga, mo lọ sí yunifásítì, mo kọ́ bí a ṣe ń ṣírò ojú Kaaba nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ lèmọ́mù mọ́sáláásí kan náà, bàbá ti di ará ọ̀run, olówò ohun àtijọ́ kan sì ti wá láti Èkó láti ra kọ́ńpáàsì náà. Ọmọ wọn àgbà wá bi mí bóyá owó rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́. Mo ní ó jẹ́ ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kí ó yá mi fún ọjọ́ kan ná.

Mo gbé e wọ mọ́sáláásí. Ẹ̀yin ará mi, láti ilẹ̀ wa yìí, ojú Kaaba jẹ́ nǹkan bí dígíríì 64 bí a bá ka á láti àríwá sí ìhà ìlà-oòrùn. Ìlà-oòrùn gan-an jẹ́ 90. Èyí já sí pé a gbọ́dọ̀ yà sí apá òsì ìlà-oòrùn ní dígíríì 26. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í là ní ojú kan náà ní gbogbo ọdún. Ní oṣù Kẹfà, ó ń là ní nǹkan bí 66, tí ó súnmọ́ ojú Kaaba gan-an. Ní oṣù Kejìlá, ó ti sún lọ sí nǹkan bí 114. Oòrùn ọyẹ́ ni àwọn bàbá wa na okùn sí. Mọ́sáláásí wa fi nǹkan bí 50 dígíríì yà kúrò lójú Kaaba. Ó kọjá ìdajì ohun tí ó wà láàárín ìlà-oòrùn àti àríwá. Bí wọ́n bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹfà ni, ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àṣìṣe kankan.

Nígbà tí mo sọ ọ́, inú bí àwọn àgbà. Ẹnì kan ní abẹ́rẹ́ àtijọ́ náà ti bàjẹ́. Kò burú bí ó ti sọ ọ́, nítorí irin inú kọnkéré lè fa abẹ́rẹ́, àríwá tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí a sì máa yà díẹ̀ kúrò lójú àríwá gan-an, a máa yí padà bí ọdún ti ń lọ. Nítorí náà mo ní kí a pe ẹlẹ́rìí tí kò ní irin lára. Ní ọdọọdún, ní nǹkan bí 28 oṣù Karùn-ún, oòrùn máa ń dúró sí òkè Kaaba gan-an. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 18 ni nílé wa níhìn-ín. Ẹni tí ó bá kọjú sí oòrùn ní ìṣẹ́jú náà ti kọjú sí Kaaba.

Ní ọdún 2010, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà bọ́ sí. A ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ lóòró gangan ní àgbàlá. Àwọn àgbà jókòó sórí àga, àwọn ọmọ kéwú yí wọn ká. Ìkùukùu wà, àyà mi ń já, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ṣí i fún wa. Nígbà tí àkókò tó, a fa ìlà láti orí òjìji sí ẹsẹ̀ ọ̀pá, a gbé kọ́ńpáàsì bàbá tì í. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àgbà kan tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń na okùn ní 1981 bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní, “Lèmọ́mù, ìrun ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ńkọ́?” Mo rán an létí pé nígbà tí Ọlọ́hun yí ojú ìrun padà kúrò ní Jerúsálẹ́mù sí Mẹ́kà, ìbéèrè yìí náà ni àwọn sàábé béèrè nípa àwọn tí ó ti kú, Ọlọ́hun sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ nínú Súrátù 'l-Bákárà, áyà 143, pé Òun kò ní jẹ́ kí ìgbàgbọ́ wọn ṣòfò. Ẹni tí ó sa gbogbo ipá rẹ̀ láti mọ ojú Kaaba, tí ó sì ṣe àṣìṣe, ìrun rẹ̀ dára. Àwọn ará Kubá wà lórí ìrun nígbà tí ìròyìn ìyípadà dé bá wọn. Wọ́n yí padà lórí ìrun náà. A kò wó ògiri kankan. A fa ìlà funfun tuntun sílẹ̀, a sì kí Jímọ̀ ọjọ́ náà lórí rẹ̀.

Ọkàn bàbá náà balẹ̀. Tèmi kò balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sa gbogbo ipá rẹ̀ ni mo wí. Ṣé a sa gbogbo ipá wa? Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Kọ́ńpáàsì wà ní igba ìṣísẹ̀ sí ibi tí a ti ń na okùn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò wà láàyè nígbà náà, ó tilẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè, òun náà kò sì rántí, nítorí ohun tí ó wà lórí ìṣó ti di ọ̀ṣọ́. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà máa ń padà sí ibì kan náà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, n kò bi í léèrè ìdí.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ẸNI TÍ Ó Ń KÓ WỌN JỌ

1. Kí ó ṣọ́ra fún ẹ̀tàn. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń tà bí ògbólógbòó jẹ́ tuntun tí a fi omi oògùn sọ di dúdú. Rírà rẹ̀ fún ẹwà kò burú. Ẹni tí ó bá tún un tà bí ti àtijọ́ ti jẹ owó èèwọ̀.

2. Kí ó má ra ohun tí a jí. Òfin 77 ti ọdún 1979 tí ó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ kò gba kí a máa tà tàbí kí a máa kó iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí a ṣe ṣáájú ọdún 1918 lọ sí òkè òkun bí ó ti wù wá. Kọ́ńpáàsì òyìnbó kò sí nínú èyí, ṣùgbọ́n ohun ààfin àti ohun ẹbí tí ọmọ kan jí gbé lóru wà níbẹ̀, èèwọ̀ sì ni lójú Ọlọ́hun pẹ̀lú.

3. Kí ó má fi ṣe oògùn. Àwọn kan nígbà àtijọ́ fi asturlab wo ìràwọ̀ láti sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú ẹ̀sìn wa. Ẹni tí ó gbé e kọ́ kí oríire lè wọlé ti sọ ohun èlò ìmọ̀ di òrìṣà.

4. Kí ó ṣọ́ ìlera ilé. Àwọn ohun èlò kan tí a fi ń wọn ooru tàbí ojú ọjọ́ ní mẹ́kúrì nínú. Bí gíláàsì bá fọ́, májèlé ni. Àwọn aago àti kọ́ńpáàsì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ní ọ̀dà radium tí ń tàn lókùnkùn. Bí kò bá tàn mọ́, ewu rẹ̀ ṣì wà. Ẹ má ha á, ẹ má sì fún ọmọdé ṣeré.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹni tí kò ní owó kọ́ńpáàsì ní ọ̀pá. Ní 28 oṣù Karùn-ún ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 18, àti ní 16 oṣù Keje ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 27, ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ ní mọ́sáláásí yín. Ọjọ́ kan ṣáájú tàbí ọjọ́ kan lẹ́yìn kò ba nǹkan jẹ́ bí òjò bá ṣú. Láti orí òjìji sí ẹsẹ̀ ọ̀pá, ibẹ̀ ni Kaaba wà.

Ẹ fi ọ̀pá kan náà kọ́ àwọn ọmọ ní àkókò ìrun. Aago ìjọba wa jẹ́ ti ilẹ̀ tí ó wà ní ìlà-oòrùn wa, nítorí náà oòrùn kì í dé àárín ọ̀run ní aago méjìlá ní Èkìtì. Nǹkan bí aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni, tí ó ń fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ síwá sẹ́yìn láàárín ọdún. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Àyìlà wọlé. Nígbà tí òjìji bá fi ìwọ̀n gígùn ọ̀pá kan lé sí ti ọ̀sán gangan, Alásárì ti wọlé. Ní nǹkan bí 10 oṣù Kẹrin àti 2 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ yóò rí i pé ọ̀pá kò ní òjìji rárá lọ́sàn-án gangan, nítorí oòrùn wà lórí wa tààrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Sí ọ̀dọ́kùnrin tí ó béèrè: ọmọ mi, gbé kọ́ńpáàsì rẹ kọ́. Gbé òṣùwọ̀n rẹ kalẹ̀ kí ó dọ́gba. Tún aago rẹ ṣe kí ó máa lù. Ṣùgbọ́n kí ìṣó náà má ga ju ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Bí ọmọ bá sọ ọ́ kalẹ̀, má sọ fún un pé ọ̀ṣọ́ ni. Jókòó tì í.

Àwọn ẹbí bàbá náà kò ta kọ́ńpáàsì wọn. Ó ti padà sórí ìṣó rẹ̀, láàárín fọ́tò àti kàlẹ́ńdà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, àwọn ọmọ kéwú wa a wọlé lọ gbé e wá.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó wúlò kẹ́ wa, kí Ó dárí jì wá lórí ohun tí a ní tí a kò béèrè ìdí rẹ̀, kí Ó gba ìrun àwọn bàbá wa, kí Ó sì jẹ́ kí òṣùwọ̀n iṣẹ́ rere wa wúwo ní ọjọ́ tí a ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Àmín.